Orí Keje: Ìyẹ̀wò Ọkọ̀ Àìlénìyàn Lójú Ìyípo Òṣùpá

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2009, ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ súnmọ́ Òṣùpá, ó dáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti fi dín eré kù, agbára òòfà Òṣùpá sì gbà á mú. Lunar Reconnaissance Orbiter ni wọ́n sọ ọ́, LRO ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ni ín. Máàpù Òṣùpá ni wọ́n rán an lọ yà. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko ló kọjá kí wọ́n tó ní kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n ń fi gbogbo àkókò yẹn ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni orí yìí dá lé.

Sáà ìyẹ̀wò ni a ó máa pe àkókò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì parí nígbà tí àwọn tó ni ín bá gbà pé ohun tó ń sọ fún wọn ṣeé gbára lé. Ọkọ̀ tó dé Òṣùpá láìfọ́ ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n iye tó bá wọ̀n ránṣẹ́ kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni àyàfi bí a bá mọ bí àṣìṣe tó wà nínú ìwọ̀n náà ṣe tó.

7.1 Ọkọ̀ LRO àti ẹrù rẹ̀

Ní Goddard Space Flight Center tó wà ní Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ti kọ́ LRO. Craig Tooley ni ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas V gbé e kúrò ní Cape Canaveral, ní Florida, ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, 2009. Ó wọn 1,916 kìlógíráàmù lọ́jọ́ tó gbéra, ṣùgbọ́n nǹkan bí 898 nínú rẹ̀ jẹ́ epo háídírásíìnì. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Kò sí afẹ́fẹ́ ní Òṣùpá tí yóò bá ọkọ̀ dín eré kù, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé bíréèkì rẹ̀ dání láti ilé, bíréèkì náà kò sì ju epo tí yóò sun lọ.

Ẹ̀rọ ìwádìí méje ló wà lára rẹ̀. LROC ni kámẹ́rà: méjì ń wo ibi tóóró fínnífínní, ẹ̀kẹta ń wo ibi gbàràmù. LOLA ń fi lésà wọn bí òkè ṣe ga àti bí kòtò ṣe jìn. Diviner ń wọn ìgbóná àti ìtutù ojú ilẹ̀. LEND ń ka nútírọ́ọ̀nù tó ń ta jáde láti inú erùpẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí a mọ ibi tí háídírójìn, bóyá omi dídì, lè wà. LAMP ń ríran nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ultraviolet tí ojú ènìyàn kò lè rí. CRaTER ń wọn ìtànṣán olóró tó lè pa ènìyàn lára. Mini-RF ni rédà. Orúkọ tí ẹ ó máa bá pàdé jù nínú orí yìí ni LROC, LOLA àti Diviner, torí àwọn ni ìyẹ̀wò wọn kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ.

7.2 Kí ló dé tí ìdánwò orí ilẹ̀ kò fi tó?

Wọ́n dán LRO wò kí ó tó gbéra, ó sì pẹ́ lẹ́nu ìdánwò. Wọ́n mì ín tìtì bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe mì ín. Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá tí wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n mú un gbóná, wọ́n mú un tutù. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan wà tí kò sí yàrá kankan láyé tó lè ṣe àfarawé wọn tán.

Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Lórí ilẹ̀, ìwúwo gbogbo ohun ń fà á sísàlẹ̀. Awò kámẹ́rà tó gùn a máa tẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títẹ̀ náà kéré ju ohun tí ojú lè rí. Nínú òfuurufú, títẹ̀ yẹn á lọ. Ẹ̀kejì ni ọ̀rinrin. Àwọn ohun èlò tí a fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ṣe a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bí wọ́n bá dé ibi tí kò sí afẹ́fẹ́, omi náà á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ara ohun èlò náà á sì sún kì. Ẹ̀kẹta ni Òṣùpá fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ojú ilẹ̀ Òṣùpá a máa gbóná dé nǹkan bí 120 °C. Lóru, ó lè tutù ju −170 °C lọ. Ooru ìsàlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Ọkọ̀ tó ń yípo Òṣùpá lọ́sàn-án ń jẹ ooru oòrùn lókè, ó tún ń jẹ ooru ilẹ̀ nísàlẹ̀.

Ilẹ̀ Íńdíà mọ èyí dáadáa. Chandrayaan-1, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ sí Òṣùpá, gbéra ní oṣù Kẹwàá, 2008. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìgbóná inú rẹ̀ gòkè dé nǹkan bí 50 °C, ó sì di dandan kí wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ ìwádìí kan, kí wọ́n má tan gbogbo wọn pọ̀. Àárín sáà ìyẹ̀wò ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìwúlò sáà náà nìyẹn: àléébù á fara hàn kí àwọn onímọ̀ tó gbọ́kàn lé ẹ̀rọ.

Ẹni tó ra òṣùwọ̀n tuntun ní Èkó, tó gbé e gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun dé Oǹdó, yóò kọ́kọ́ gbé irin kílò tó dá a lójú lé e kí ó tó fi wọn kòkó olóko. Bí òṣùwọ̀n náà ṣe péye tó ní ṣọ́ọ̀bù kò kan olóko. Ohun tó kàn án ni bó ṣe ń wọ̀n níbi tó gbé e kalẹ̀ sí.

7.3 Wíwọ ipa ìyípo

Ìrìn-àjò láti Ayé dé Òṣùpá gba LRO ní ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀. Iṣẹ́ tó léwu jù ni ti òpin rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì jó fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ká ní kò jó ni, ọkọ̀ ì bá gba ẹ̀gbẹ́ Òṣùpá kọjá, kò sì ní sí àyè láti tún un ṣe ní kíá. Lẹ́yìn jíjó àkọ́kọ́ yìí, ọkọ̀ ń yípo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ jìnnà kí ó tó padà. Wọ́n tún dáná sí i léraléra ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, títí ipa náà fi dín kù sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ó ti dé ipa ìyípo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyẹ̀wò.

Rédíò ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.3 kí ó tó ti Ayé dé Òṣùpá. Ìdádúró yìí kò pọ̀. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn Òṣùpá, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe fúnra rẹ̀.

7.4 Ipa ìyípo tí kò rí róbótó

Ipa tí LRO yóò fi ṣiṣẹ́ máàpù jẹ́ òbírí, 50 kìlómítà sókè ilẹ̀, tí ń gba orí òpó àríwá àti òpó gúúsù Òṣùpá kọjá. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e lọ síbẹ̀ tààrà. Ipa elíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí: ó ń súnmọ́ ilẹ̀ dé nǹkan bí 30 kìlómítà lókè òpó gúúsù, ó sì ń ga dé nǹkan bí 200 kìlómítà ní apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú yóò béèrè pé: kí ló dé tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ tí wọn kò tíì yẹ̀ wò tán súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Inú ilẹ̀ Òṣùpá ni ìdáhùn wà. Ní ọdún 1968, Paul Muller àti William Sjogren, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Jet Propulsion Laboratory ní California, ń ṣàyẹ̀wò àmì rédíò àwọn ọkọ̀ Lunar Orbiter. Wọ́n rí i pé eré àwọn ọkọ̀ náà ń yí padà díẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lókè àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú kan tí a máa ń rí lójú Òṣùpá. Lábẹ́ àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ wọ̀nyẹn ni ohun wúwo kórajọ sí. Àwọn òkúta òfuurufú ńláńlá ló wá gbá Òṣùpá láyé àtijọ́. Àpáta tó ki láti ìsàlẹ̀ gòkè wá dí ojú ọgbẹ́ náà, òkúta yíyọ́ sì ṣàn bò ó. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lókè ibẹ̀, òòfà á fà á jù bó ṣe yẹ lọ. Ìfà kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan, àmọ́ bí ó bá ń wáyé ní gbogbo ìyípo, ipa ọkọ̀ á máa yí padà títí apá kan rẹ̀ á fi kan ilẹ̀.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹrin, 1972, àwọn awakọ̀ Apollo 16 tú sátẹ́láìtì kékeré kan sílẹ̀ láti máa yípo Òṣùpá. Ọjọ́ 35 péré ló lò kí ó tó já lu ilẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ipa tí wọ́n fi í sí ló pa á.

Àwọn ipa kan wà, síbẹ̀, tí àwọn ìfà yìí ń pa ara wọn rẹ́ níbẹ̀. Ohun tí òòfà bá fà sísàlẹ̀ lápá kan, á tì í padà lápá mìíràn, gíga ọkọ̀ kò sì ní yàtọ̀ púpọ̀ fún oṣù pípẹ́. Ipa elíìpù tí LRO kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òbírí 50 kìlómítà kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa dáná sí ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí ọkọ̀ má baà wó sílẹ̀. Bí ohun kan bá bàjẹ́ nígbà ìyẹ̀wò, tí wọ́n sì nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wá ojútùú, ipa elíìpù yóò fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà láìgba epo. Lójú tèmi, yíyan ipa yìí ni ìpinnu tó gbọ́n jù nínú gbogbo ètò ìyẹ̀wò LRO, nítorí pé àkókò ló rà.

Àpẹẹrẹ. Ẹ wá iye ìṣẹ́jú tí LRO ń lò láti yípo Òṣùpá lẹ́ẹ̀kan lórí ipa ìyẹ̀wò rẹ̀.

Ìlànà tí a ó lò ni T = 2π√(a³/μ). Àkókò ìyípo kan ni T. Ìdajì òòró elíìpù náà ni a dúró fún, tí a bá wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn Òṣùpá. Iye μ, tó dúró fún agbára òòfà Òṣùpá, jẹ́ 4,902.8 km³/s². Láti àárín Òṣùpá dé ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,737.4 km. Ìpíndọ́gba gíga jẹ́ (30 + 200) ÷ 2 = 115 km, nítorí náà a = 1,852.4 km. Bí a bá fi èyí sínú ìlànà náà, T jẹ́ nǹkan bí 7,154 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 119. Fún òbírí 50 km, a = 1,787.4 km, T sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 113.

7.5 Ẹ̀mí ọkọ̀ ló ṣáájú

Ẹ̀rọ ìwádìí kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tìtorí wọn ni ọkọ̀ ṣe lọ. Ohun tó ń mú ọkọ̀ wà láàyè ló ṣáájú: iná, ìwọ̀n ooru, ìdúró àti rédíò.

Iná láti ara pánẹ́ẹ̀lì sólà kan tó nà bí apá ni LRO ń lò, bátìrì sì ń gbà á nígbà òkùnkùn. Lórí òbírí 50 kìlómítà, ọkọ̀ lè wà nínú òjìji Òṣùpá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 48 nínú ìṣẹ́jú 113 ìyípo kan. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ń wo bí bátìrì ṣe ń lọ sílẹ̀, àti bóyá ó ń kún padà kí òkùnkùn mìíràn tó dé. Bí iná bá kú, gbogbo nǹkan ti kú nìyẹn. NigComSat-1 ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, 2007, yege ìyẹ̀wò tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbùkù ẹ̀ka sólà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, 2008. Ẹ má ṣe rò pé ìyẹ̀wò jẹ́ ẹ̀rí pé ohun kan kò ní bàjẹ́ lọ́la.

Ìdúró ọkọ̀ ni ó gba ọgbọ́n jù. LRO gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó kọjú sí nígbàkúùgbà. Kámẹ́rà awòràwọ̀ méjì ló ń wo sánmà, wọ́n ń fi àwòrán ìràwọ̀ tí wọ́n rí wé èyí tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ mìíràn ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń yí sí. Àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin inú ọkọ̀ ló ń yí i: bí kẹ̀kẹ́ bá yára yí sọ́tùn-ún, ara ọkọ̀ á rọra yí sósì. Nígbà ìyẹ̀wò, wọ́n á pàṣẹ pé kí ọkọ̀ yí ní ìwọ̀n kan pàtó, wọ́n á wá béèrè lọ́wọ́ kámẹ́rà awòràwọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń wọn yíyí bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé LRO gbé ọkọ̀ kejì pẹ̀lú rẹ̀, LCROSS, èyí tí wọ́n fẹ́ fi darí ìkarahun rọ́kẹ́ẹ̀tì kan lu Òṣùpá. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, 2009, nígbà tí àwọn tó ń ṣọ́ LCROSS tún rí i bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ó ti wà láìsí olùgbọ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n bá a tí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké rẹ̀ ń jó láìdáwọ́dúró. Ẹ̀rọ tí ń wọn yíyí ló figbe ta pé nǹkan ṣe òun, kọ̀ǹpútà sì pa á tì, ó yíjú sí kámẹ́rà awòràwọ̀ kí ó máa fi ìyẹn mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Ìwọ̀n kámẹ́rà yẹn kì í dúró sójú kan. Kọ̀ǹpútà rò pé ọkọ̀ ń mì, ó ń dáná láti dá a dúró, ó ń mì ín sí i. Nǹkan bí 140 kìlógíráàmù epo lọ dànù. Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, àmọ́ epo tó kù tó. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ìkarahun náà lu kòtò Cabeus lẹ́bàá òpó gúúsù, wọ́n sì rí omi nínú eruku tó gbé sókè. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe kámẹ́rà awòràwọ̀ ló bàjẹ́. Àárín ẹ̀rọ méjì, níbi tí ọ̀kan ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì, ni wàhálà ti jáde. Ẹni tó bá ń yẹ ọkọ̀ wò gbọ́dọ̀ yẹ irú ìgbà bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ní ti rédíò, LRO ní ọ̀nà méjì: èyí tó lọ́ra fún àṣẹ àti ìlera ọkọ̀, àti èyí tó yára dé 100 mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ń da àwòrán sílẹ̀ fún ántẹ́nà ńlá kan tó fẹ̀ ní mítà 18 ní White Sands, New Mexico. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ántẹ́nà orí ọkọ̀ náà ṣọ́ Ayé déédéé, nítorí ìtànṣán rédíò tó yára náà tóóró púpọ̀.

7.6 Wíwọn ohun tí a fi ń wọ̀n

Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan àwọn ẹ̀rọ ìwádìí. Wọn kì í tan gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń lo iná alágbára gíga, bíi LAMP, ní láti ní sùúrù. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tó há sínú wọn láti ilé gbọ́dọ̀ jáde tán, torí pé ní ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́lẹ́, iná máa ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn ju bó ti ń ṣe lọ níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ tàbí níbi tí kò sí rárá. Ẹni tó bá kánjú tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè sun ún.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá àṣìṣe ẹ̀rọ kan kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti èkejì: wọ́n á fi wo ohun tí wọ́n ti mọ̀ dájú. LAMP wo àwọn ìràwọ̀ tí a ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet wọn ṣe tó. Diviner ní ohun méjì tó ń wò lóòrèkóòrè: òfuurufú òfìfo tó tutù rinrin, àti àwo dúdú kan nínú ara rẹ̀ tí ìgbóná rẹ̀ hàn kedere. Bí a bá mọ ohun tó sọ nípa òtútù àti ohun tó sọ nípa ooru, a lè fa ìlà láàrin méjèèjì, kí a sì gbé ojú ilẹ̀ Òṣùpá lé ìlà náà.

Kámẹ́rà tóóró ti LROC yẹ fún àlàyé gígùn díẹ̀. Kì í ya àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti fóònù. Ìlà kan ṣoṣo tó ní 5,064 ojú kéékèèké ló wà nínú rẹ̀; ìlà yẹn ló ń rí, ìrìn ọkọ̀ ló sì ń gbé ìlà tó kàn wá. Láti 50 kìlómítà sókè, ojú kọ̀ọ̀kan ń rí ìdajì mítà lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ ń sá ní nǹkan bí kìlómítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdajì mítà ti kọjá lẹ́yìn ìdá mẹ́ta péré nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kámẹ́rà bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ka ìlà tó kàn, kòtò róbótó á rí pẹlẹbẹ nínú àwòrán. Bí ó bá yára jù, á gùn gbọọrọ. Lórí ipa elíìpù, gíga ọkọ̀ ń yí padà láti 30 dé 200 kìlómítà, ó sì di dandan kí wọ́n máa ṣírò àkókò yìí lákọ̀tun fún àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, LROC ya àwòrán àkọ́kọ́ lórí òkè gbágungbàgun kan nítòsí Mare Nubium. Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, wọ́n fi í han aráyé. Oòrùn rẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, òjìji gùn, ilẹ̀ náà sì dà bí èyí tó le koko ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Àwòrán tí gbogbo ayé ń retí jáde ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àyájọ́ ogójì ọdún tí Apollo 11 balẹ̀. Nínú ibi mẹ́fà tí ènìyàn ti balẹ̀ sí lórí Òṣùpá, LROC ti rí márùn-ún. Ti Apollo 12 nìkan ni kò tíì dé nígbà náà. Ìdajì ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi balẹ̀ hàn bí àmì funfun kékeré pẹ̀lú òjìji gígùn. Ní ti Apollo 14, ipa ẹsẹ̀ àwọn tó rìn níbẹ̀ ní ọdún 1971 hàn pẹ̀lú. Àwọn oníròyìn pariwo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu, wọn kò sì jayò pa. Fún onímọ̀ ẹ̀rọ, síbẹ̀, ohun mìíràn ló wà níbẹ̀: ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí a mọ ibi tó wà, tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síbẹ̀. Kò sí ohun tó dára ju ìyẹn lọ láti fi dán ojú tuntun wò.

Èrè irú ìpéye bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́yìn náà. Lunokhod 1, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí Soviet Union gbé sórí Òṣùpá ní oṣù Kọkànlá, 1970, ti dákẹ́ láti 1971, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó wà ní pàtó. Ní oṣù Kẹta, 2010, wọ́n rí i nínú àwòrán LROC. Oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Apache Point, New Mexico, ta lésà sí i láti Ayé, dígí tó wà lórí rẹ̀ sì dá ìmọ́lẹ̀ náà padà fún wọn.

7.7 Àléébù tí a kò lè tún ṣe

Kò sí makáníìkì ní Òṣùpá. LOLA ń ta lésà ní ìgbà 28 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà márùn-ún, ó sì ń ka àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi lọ tí ó fi bọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé, bí ọkọ̀ bá wọ apá òru Òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà wá a máa sọnù ní ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà márùn-ún náà. Aṣọ ìdáàbòbò tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ náà kúrò lọ́wọ́ òtútù ló ń sún kì nínú òtútù, tó ń fa ẹnu tí lésà ń gbà jáde kúrò lójú ìlà díẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ àléébù náà dunjú: ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó ń lọ, àti ọ̀nà tó ṣì ń ríran nígbà náà. Wọ́n rí i pé nínú òtútù yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ń bọ́ sójú àwọn ọ̀nà mìíràn kan, wọ́n sì ń rí ìwọ̀n tòótọ́ gbà nínú rẹ̀. LOLA tó ní àléébù yìí náà ló fún wa ní máàpù gíga Òṣùpá tí àwọn onímọ̀ ń lò.

Ìgbà mìíràn, ti ẹlòmíràn ni yóò dí wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, 2009, LRO àti Chandrayaan-1 pa rédà wọn pọ̀ láti wo kòtò kan nítòsí òpó àríwá, kí ọ̀kan máa ta, kí àwọn méjèèjì máa gbọ́. Chandrayaan-1, tí àwọn kámẹ́rà awòràwọ̀ rẹ̀ ti kú ṣáájú, kò kọjú síbi tó yẹ. Kí oṣù náà tó parí, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀ pátápátá.

7.8 Òpin sáà ìyẹ̀wò

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, 2009, wọ́n dáná sí ẹ́ńjìnnì LRO, wọ́n sì gbé e sórí òbírí 50 kìlómítà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, NASA ṣe ìkéde ohun tí wọ́n ti rí. Diviner ti wọn àwọn kòtò kan nítòsí òpó gúúsù, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé láéláé, ó sì bá òtútù tó rẹlẹ̀ ju −238 °C lọ níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kan mú wá nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, wọ́n sì gbà á nítorí pé wọ́n ti mọ òfuurufú òfìfo àti àwo dúdú rẹ̀ dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá, 2011, lẹ́yìn tí iṣẹ́ òbírí parí, wọ́n dá LRO padà sórí ipa elíìpù tó jọ ti ìyẹ̀wò, kí epo tó kù lè pẹ́.

Ìdánrawò

1. Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ tó ń yípo Òṣùpá lọ́sàn-án fi ń gba ooru láti apá méjì.

2. Bí ọkọ̀ kan bá wà lórí òbírí 100 km sókè ilẹ̀ Òṣùpá, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò lò láti yípo lẹ́ẹ̀kan?

3. Bí LRO bá ń da àwòrán sílẹ̀ ní 100 mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìṣẹ́jú 45, gígábáìtì mélòó ni yóò dé ilẹ̀? Ẹ rántí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan.

4. Ká sọ pé ẹ̀yin lẹ wà ní ipò ọ̀gá LCROSS kí ọkọ̀ náà tó gbéra. Irú ìdánwò wo lẹ ó ṣètò tí ì bá jẹ́ kí ẹ rí wàhálà oṣù Kẹjọ ṣáájú? Ẹ kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n tí ẹ ó máa ṣọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.